"Ṣé Ẹ Ń Gbọ́ Ohùn Mi?"

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa máa ń béèrè nígbà tí a bá dúró níwájú àwọn ọmọ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ṣùgbọ́n tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lé lórí. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ tán, tí a sì ti kọ nǹkan sí ojú pátákó, a ó yíjú sí wọn, a ó ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́? Ṣé ó yé yín?" Àwọn ọmọ a sì dáhùn ní ohùn kan pé, "Ó yé wa, sà." Ọkàn wa a balẹ̀, a ó nu pátákó, a ó sì kọjá sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa olórí kan tí ó bi gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí, a sì fẹ́ wo ohun tí ìbéèrè náà di lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1945, ọjọ́ náà gan-an tí àwọn ará Jàpáàn fi ọwọ́ sí ìwé ìtúúbá tí ó parí Ogun Àgbáyé Kejì, Ho Chi Minh gun orí pẹpẹ tí a fi igi kàn ní pápá Ba Dinh, ní ìlú Hanoi, ní ilẹ̀ Vietnam. Aṣọ kakí tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan ni ó wọ̀, sálúbàtà rọ́bà ni ó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ogunlọ́gọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò rí i rí; orúkọ rẹ̀ pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìkéde òmìnira wọn. Bí ó ti ń kà á lọ, ó dánu dúró, ó sì bi wọ́n bí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn òun dáadáa. Gbogbo pápá sì dáhùn pẹ̀lú ariwo ńlá pé àwọn ń gbọ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gbàgbé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbàgbé ìbéèrè yẹn títí wọ́n fi darúgbó. Wọn kò gbọ́ kí ọba tàbí gómìnà kan béèrè irú rẹ̀ rí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ibi tí a dúró sí. Kọ́múníìsì ni Ho Chi Minh. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kò lè fi ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí kò ka Ọlọ́run sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wọn iṣu kì í kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó gbìn ín. Ọ̀rọ̀ tí olórí bá sọ ní gbangba jẹ́ ohun tí a lè gbé ka orí òṣùwọ̀n, kí a sì wo bí ó ti wúwo tó. Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kàn wá: ó ti ṣe tíṣà rí. Láàárín ọdún 1910 sí 1911 ó kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Duc Thanh, ní ìlú Phan Thiet, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kẹfà ọdún 1911 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, tí ó sì di èrò ìdálẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ọkùnrin náà mọ bí ó ti ń rí lára kí ènìyàn sọ̀rọ̀ kí a má gbọ́ ọ. Ní ọdún 1919, nígbà tí àwọn alágbára ayé péjọ sí ilẹ̀ Faransé láti parí ọ̀rọ̀ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Ìwé náà kò mú èsì kankan wá. Lẹ́yìn ogun kejì, láàárín ọdún 1945 sí 1946, ó kọ ìwé léraléra sí Truman, Ààrẹ Amẹ́ríkà, pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn Faransé tún gun orí ilẹ̀ wọn. Èsì kò dé. Nítorí náà, nígbà tí ó béèrè ní pápá Ba Dinh bí àwọn ènìyàn bá ń gbọ́ òun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí ó ti kan ilẹ̀kùn títí tí a kò ṣí i ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ìwé ìkéde náà kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkéde òmìnira tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1776, ó sì mú ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti àwọn Faransé fúnra wọn mọ́ ọn. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ẹni tí ó bá fi òwe onílé pa onílé lẹ́nu mọ́, kí ni onílé yóò wí? Lẹ́yìn náà ni ó ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Faransé sí wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sùn náà nìyí: pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kọ́ sí ilẹ̀ náà pọ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀sùn yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Àwọn ìkéde púpọ̀ ni ó wà ní ayé tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí a kà wọ́n náà ni wọ́n kú. Ohun tí ó mú kí a máa rántí àwọn ọ̀rọ̀ Ho Chi Minh ti ọdún 1945 ni pé ní ọjọ́ kejì gan-an ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ni ìjọba tuntun náà ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́, ó sì to iṣẹ́ mẹ́fà tí kò gbọdọ̀ falẹ̀ síwájú wọn. Ìyàn ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Àìmọ̀wé ni ó tẹ̀ lé e.

Ìyàn náà kì í ṣe ohun kékeré. Láti ìparí ọdún 1944 dé àárín ọdún 1945, ebi pa àwọn ará àríwá ilẹ̀ náà bí a kò ti rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ará Jàpáàn àti àwọn Faransé gba ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n mú kí a gbin ohun tí a fi ń ṣe okùn àti àpò sí ilẹ̀ tí ó yẹ kí a gbin oúnjẹ sí, ogun ba ojú irin àti ọ̀nà jẹ́ tí ìrẹsì gúúsù kò fi lè dé àríwá, ìkún omi sì tún dé. Ìwé ìkéde náà wí pé àwọn tí ó kú lé ní 2,000,000. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé ó kéré. Kí ni olórí lè sọ fún àwọn tí ebi ń pa? Ho Chi Minh kọ̀wé sí wọn pé, ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, kí olúkúlùkù fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan sílẹ̀ láìjẹ, èyí tí í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, kí ó sì kó ìrẹsì rẹ̀ jọ fún àwọn tálákà. Ó sì fi kún un pé òun fúnra òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. A gbà pé ìrẹsì tí a rí kó jọ báyìí kò lè pa ìyàn. Àgbàdo, ọ̀dùnkún àti ẹ̀gẹ́ tí a fi ìkánjú gbìn ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ìkéde náà mọ ohun tí yóò ṣe, ó mọ ọjọ́ tí yóò ṣe é, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó pàṣẹ kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní ti àìmọ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà kàn wá jù. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án kan náà ni ìjọba náà gbé àṣẹ jáde. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gbogbo ènìyàn; wọ́n ní kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí ìlú àti abúlé kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán kíláàsì kan tí ó lè gba 30 ènìyàn; wọ́n sì ní kí ọdún kan tó pé, kí gbogbo ẹni tí ó bá ti ju ọmọ ọdún 8 lọ lè kọ kí ó sì lè kà. Ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan. Ní oṣù Kẹwàá, Ho Chi Minh pe gbogbo ènìyàn sí iṣẹ́ náà. Ó wí pé nínú 100 ènìyàn ilẹ̀ àwọn, 95 ni kò mọ̀wé. Lẹ́yìn èyí ni ó wá pín iṣẹ́: kí ọkọ kọ́ aya rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n kọ́ àbúrò, kí ọmọ kọ́ bàbá àti ìyá tí kò mọ̀ ọ́n, kí ọ̀gá kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí olówó sì ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò láti wá kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn obìnrin ni ó tẹnu mọ́ jù, nítorí pé a ti dí wọn lọ́nà pẹ́.

Ẹ wo bí ìpè yìí ti rí. Kò sọ pé ìjọba yóò ṣe é. Kò sì sọ pé kí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ẹ̀kọ́, èyí tí ó rọrùn láti sọ. Ó wọ inú ilé lọ bá olúkúlùkù, ó sì fi ọmọ ilé kan lé èkejì lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bàbá tí ó jókòó kí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ ní ABD, kò rọrùn fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún ọmọ náà. Síbẹ̀ wọ́n ṣe é.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún àwa ọmọ Yorùbá. Ìwé tí wọ́n kọ́ náà kì í ṣe àwọn àmì ilẹ̀ Ṣáínà tí ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà bí tiwa ni, tí a fi àmì ohùn sí lórí. Àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Àgùdà ni wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ́tà wọ̀nyí kọ èdè náà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìwé atúmọ̀ èdè tí àlùfáà Alexandre de Rhodes ṣe sì jáde láti ilé ìtẹ̀wé ní Róòmù ní ọdún 1651. Èdè olóhùn ni èdè wọn bí tiwa. Bí àwa ti ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí ẹni tí kò bá fi àmì sí i yóò sọ ọkọ ìyàwó di ohun tí a fi ń roko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará àríwá ilẹ̀ náà ní ohùn mẹ́fà tí ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà. Ẹni tí ó bá rántí iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther, àti ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1843, yóò mọ̀ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìnira wá àmì fún ohùn èdè kò mọ ìgbà tí ọmọ ẹlòmíràn yóò jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí a ṣe fún ìwàásù ni ó di ohun tí àgbẹ̀ fi kọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò gba owó oṣù. Wọ́n kọ́ni lálẹ́ lábẹ́ àtùpà, ní ilé ìpàdé abúlé àti ní ilé òrìṣà. Níbi tí kò sí pátákó, ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ṣe é. Níbi tí kò sí ṣọ́ọ̀kì, èédú ni. Wọ́n fi orin kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìrísí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba náà ti kà á, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà kí ọdún 1946 tó parí lé ní 2,000,000. Bí a bá tilẹ̀ yọ ti àṣejù ìjọba kúrò nínú iye náà, ohun ńlá ni ó kù. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé kì í ṣe ọjọ́ tí olórí kéde rẹ̀ ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1938 ni ẹgbẹ́ kan ti wà ní Hanoi tí ń kọ́ àwọn tálákà ní ìwé kíkà láìgba owó. Ìkéde bá àwọn olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe òun ni ó bí wọn.

Nínú iṣẹ́ rere yìí ni a ti rí àbùkù kan tí a kò lè fi pamọ́. Ní àwọn ibì kan, a fi àwọn kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà pẹ̀lú pátákó tí a kọ lẹ́tà sí. Ẹni tí ó bá lè kà á, yóò gba ẹnu ọ̀nà tààrà wọlé; ẹni tí kò bá lè kà á, ẹnu ọ̀nà àwọn afọ́jú ni a ó ní kí ó gbà. Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ọgbọ́n dáradára ni èyí, nítorí pé ìtìjú lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ sí kíláàsì. Àwa kò gbà. Ẹ ro ti obìnrin arúgbó tí ó ru ẹrù ẹ̀fọ́ láti òwúrọ̀, tí a wá dá dúró níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, tí a sì pè ní afọ́jú. Ó lè kàwé nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Àwa náà mọ ọmọ tí a fi pátákó kọ́ lọ́rùn rí nítorí pé kò mọ ìṣirò, a sì mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn ìṣirò lónìí.

Ho Chi Minh fúnra rẹ̀ tètè rí i pé agbára lè ba ọ̀rọ̀ rere jẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1945, nígbà tí ìjọba rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, ó kọ ìwé sí gbogbo ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ìlú àti abúlé. Ó wí fún wọn pé bí ilẹ̀ bá gba òmìnira ṣùgbọ́n tí ará ìlú kò ní ìdẹ̀ra àti òmìnira tirẹ̀, asán ni. Ó sì ka àṣìṣe wọn lẹ́sẹẹsẹ: àwọn tí ń mú ènìyàn láìsí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn tí ń fi agbára yan ará ilé wọn sípò, àwọn tí aya wọn ń gun ọkọ̀ ìjọba, àwọn tí ń gbéraga bí ẹni pé ọba ni wọ́n. A kò mọ olórí púpọ̀ tí í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àwọn ènìyàn tirẹ̀ nígbà tí ìlù ayọ̀ ṣì ń dún.

Lẹ́yìn èyí ni ogun dé. Ní ìparí ọdún 1946 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn Faransé. Ho Chi Minh ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí ẹni tí ó ní ìbọn mú ìbọn, kí ẹni tí ó ní idà mú idà, kí ẹni tí kò ní idà mú ọkọ́ tàbí igi. Wọ́n gbọ́ ìpè náà pẹ̀lú, wọ́n sì jà títí di ọdún 1954 tí wọ́n ṣẹ́gun ní Dien Bien Phu. A kò fẹ́ gùn lórí ogun. A kàn fẹ́ fi hàn pé àwọn ènìyàn náà gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ní ti ìrẹsì, ní ti ìwé, àti ní ti ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò sí olórí tí ó lè sọ pé àwọn ènìyàn òun di etí sí òun bí a bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ òun pẹ̀lú gbọ́ wọn bí? Ibí ni ọ̀rọ̀ wa dé orí kókó rẹ̀.

Láàárín ọdún 1953 sí 1956, ìjọba náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ láti pín in fún àwọn tí kò ní. Ohun tí ó dára ni kí àgbẹ̀ ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbé àwọn ènìyàn dúró níwájú àwọn ará abúlé wọn, a fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, a sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn, títí kan àwọn tí kò jẹ̀bi, àti àwọn tí ó ti ṣe ìrànlọ́wọ́ fún òmìnira náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1956, Ho Chi Minh kọ̀wé sí àwọn ará ìlú, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀, ó sì ṣèlérí pé a ó tún un ṣe. Ìjẹ́wọ́ yìí jẹ́ ohun iyì. Ọ̀pọ̀ olórí ni ó kú láìṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ẹni tí ó sì ti kú kò lè ka ìwé ìjẹ́wọ́.

Nígbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé kan ní Hanoi rò pé àkókò ti tó láti sọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan tí a ń pè ní Nhan Van. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju pé kí òfin wà fún gbogbo ènìyàn, kí a sì jẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ ọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn náà jáde ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré kí ìjọba tó tì í pa ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ ni Nguyen Huu Dang.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ẹni tí Nguyen Huu Dang í ṣe. Ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́ àwọn tálákà ní ìwé kíkà ṣáájú ọdún 1945. Òun náà ni a fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìpéjọpọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án. Òun ni ó mójútó kíkan pẹpẹ onígi náà láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré. Lórí pẹpẹ tí ó ṣètò ni a ti ka ẹ̀sùn pé ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Faransé pọ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ. Lórí rẹ̀ náà ni a ti béèrè bí àwọn ènìyàn bá ń gbọ́. Ní ọdún 1958 a mú un. Ní ọdún 1960 a dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un. Nígbà tí Ho Chi Minh kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, ọdún mẹ́rìnlélógún gééré sí ọjọ́ ìkéde náà, inú ẹ̀wọ̀n ni ọkùnrin tí ó ṣètò pẹpẹ náà wà. Ọdún 1973 ni ó tó jáde. Ó kú ní ọdún 2007. Pàṣán tí a fi na ìyálé ni ó wà lájà tí a fi na ìyàwó.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fún wa. Wọ́n ó ní ogun kò tíì tán, pé ilẹ̀ náà pín sí méjì lẹ́yìn ọdún 1954, pé ìjọba tí ó wà ní gúúsù pẹ̀lú ń ju àwọn alátakò rẹ̀ sẹ́wọ̀n, pé ilé tí ń jó kì í ṣe ibi tí a ti ń jiyàn. Òtítọ́ ni púpọ̀ nínú èyí. Wọ́n ó tún ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ṣùgbọ́n a béèrè pé: ní ọdún 1945, nígbà tí ìyàn wà nínú ilé tí àwọn ọmọ ogun àjèjì sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé kò sí ewu nígbà náà? Ìgbà yẹn gan-an ni ó béèrè bí àwọn ènìyàn bá ń gbọ́ òun, tí ó sì ka àṣìṣe àwọn ìjòyè rẹ̀ síta. Ewu kò pa á lẹ́nu mọ́ nígbà náà. Kí ni ó wá dé tí ohùn ìwé ìròyìn kékeré kan fi di ohun tí ìjọba kò lè fara dà?

Ohun tí àwa rò nìyí. Ó rọrùn fún olórí láti béèrè pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" nítorí pé "Bẹ́ẹ̀ ni" ni a ó dá a lóhùn. Ìkéde jẹ́ gbèsè tí olórí jẹ àwọn tí ó gbọ́ ọ. A máa ń rò pé bí ó bá ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó ti san gbèsè náà tán: oúnjẹ dé, ilé ẹ̀kọ́ dé, ilẹ̀ gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ìdajì gbèsè náà ni èyí. Ìdajì kejì ni pé kí ó gbọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dáhùn, pàápàá nígbà tí ìdáhùn náà kò bá dùn ún. Ho Chi Minh san ìdajì àkọ́kọ́ ju ọ̀pọ̀ olórí ìgbà rẹ̀ lọ. Ìdajì kejì ni ìjọba rẹ̀ kò san. Ohun tí ó sì dùn wá jù ni pé wọ́n ti kọ́ mílíọ̀nù ènìyàn láti kàwé àti láti kọ̀wé. Ẹni tí a bá kọ́ ní kíkọ, ó dájú pé yóò kọ nǹkan lọ́jọ́ kan, kò sì ní jẹ́ ohun tí a kọ sí ojú pátákó fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a kò kọ èyí kí a lè máa ṣe ìdájọ́ àwọn olórí tí ó jìnnà sí wa, tí wọ́n sì ti kú. Ìdí tí a fi kọ ọ́ ni pé láìpẹ́ olúkúlùkù wa yóò di olórí kékeré nínú yàrá kan tí àwọn ọmọ yóò ti máa wo ojú rẹ̀. A ó kéde òfin ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. A ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má pẹ́ dé, kí wọ́n má purọ́, kí wọ́n máa tọ́jú ìwé wọn. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n pẹ́, kí àwa náà tètè dé. Bí a bá pín iṣẹ́, kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ nínú rẹ̀, bí ìpè oṣù Kẹwàá ọdún 1945 ti jẹ́. Kí a má ṣe ṣí ẹnu ọ̀nà àwọn afọ́jú fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kan, bí a bá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" ọmọ kékeré kan lè nà ọwọ́ láti ẹ̀yìn, kí ó ní, "Sà, kò yé mi," tàbí kí ó tilẹ̀ ní, "Sà, bí ẹ ti kọ ọ́ yẹn kọ́." Àwọn ọmọ tí ó kù yóò dákẹ́, wọn yóò sì máa wo ohun tí a ó ṣe. Ohun tí a bá ṣe lọ́jọ́ náà ni wọ́n ó fi mọ ohun tí ìbéèrè wa túmọ̀ sí láti ọjọ́ yìí wá. A bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún wa ní etí tí yóò gba èsì náà, àti ọwọ́ tí kò ní sáré nawọ́ sí pàṣán.